Olóúnjẹ Ẹ̀bá Adágún: Ọ̀rọ̀ Búkà ní Ìlú Bwari

Ẹni tí ó bá ti Kubwa gba Dutse kọjá, tí ó sì dorí kọ Bwari, yóò rí i pé òkè ń tẹ̀lé òun lọ́tùn-ún lósì, àpáta lórí àpáta, bí àgbà tí ó jókòó ti ọ̀nà tí ó ń wo ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀. Bí ó bá sì yà sí apá Ushafa, yóò bá omi ńlá kan pàdé tí ó tẹ́ rẹrẹ láàárín àwọn òkè náà, èyí tí ìjọba sé mọ́ odò Usuma ní 1984 kí Àbújá, olú-ìlú tuntun, lè rí omi mu. Báyìí ni Bwari ṣe di ìlú ẹ̀bá omi láìjẹ́ pé a bí i sí etí omi. Kì í ṣe ìlú bí Èpé, níbi tí ọ̀sà ti bí ẹja, tí ẹja bí ọjà, tí ọjà sì bí alásè. Omi ti Bwari, àgbàtọ́ ni. Nítorí náà, àlejò tí ebi bá ń pa níhìn-ín, kí ó má wulẹ̀ máa wá àga etí omi kiri. Inú ìlú ni kí ó wọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ọjà àti òdìkejì ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí ó wo ibi tí èéfín ti ń rú. Búkà ni yóò bá níbẹ̀.

Orúkọ búkà fúnra rẹ̀, arìnrìn-àjò ni. Èdè Hausa ni ó ti wá: bukka ni wọ́n ń pe ahéré oníkoríko tí àgbẹ̀ tàbí èrò ọ̀nà ń sá sí lọ́wọ́ oòrùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìyá wa gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò sí i nínú, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àmàlà, títí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi rò pé láti ilé ni a ti bí i. Ní Bwari, tí í ṣe ilẹ̀ àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, ọ̀rọ̀ náà ti padà dé Òkè Ọya, ṣùgbọ́n kò padà lọ́wọ́ òfo: ó ru ìkòkò gbẹ̀gìrì bọ̀.

Láyé àtijọ́, oúnjẹ ọ̀nà kò ṣòro rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹlẹ́kọ wà lábẹ́ igi oríta, alákàrà wà lẹ́nu bodè. Olóko mìíràn a tilẹ̀ kó ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a to òkúta wẹ́wẹ́ sí i tí í ṣe àmì iye owó ẹyọ tí ó ń gbà, a sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò a mú ọjà, a fi owó rọ́pò rẹ̀, ojú kò sì ní í ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí baálé ilé tí ó ní aya máa jẹun níta ní ìlú ara rẹ̀, èyíinì kò bójú mu rárá, nítorí pé ìyàwó ilé ni àwọn aládùúgbò yóò fi ọ̀rọ̀ náà bú, wọn yóò ní kò mọ ọbẹ̀ í sè. Ohun tí ó sọ búkà di ohun iyì ni iṣẹ́ oṣù, tí ó mú ọkùnrin àti obìnrin jìnnà sí ààrò ilé wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oṣù ni ó sì kó èrò dé Bwari.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Mohammed fi àṣẹ dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀; ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó gan-an. Bwari di ìgbìmọ̀ àgbègbè aládàáni ní 1996, nígbà tí ó sì di 1997, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà kó kúrò ní Erékùṣù Victoria wá síbẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ JAMB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1978 láti máa ṣe ìdánwò àwọn tí ń wọ yunifásítì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Yunifásítì Veritas sì wà níbẹ̀. Ẹ wo irú ìlú tí èyí bí: ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń gbé fún oṣù díẹ̀ kí ó tó bá tirẹ̀ lọ, tí òbí ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yẹ̀ nínú orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni yóò sì fi ọ̀nà hàn án bí kò ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún un?

Oríṣi tábìlì méjì ni ó wà ní ìlú yìí, mo sì rò pé kò sí ìlú mìíràn ní orílẹ̀-èdè wa tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì kìíní ni ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin. Àṣà tí wọ́n jogún láti ilé àwọn amòfin ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í di agbẹjọ́rò bí kò bá tíì jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta tí a là sílẹ̀, nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, lójú àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni Sàpárà Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò, ti jókòó sí ní Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, kí wọ́n tó gbà á sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní 1879. Oúnjẹ tí a fi òfin jẹ ni. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ti sọ ọdún kan nù. Tábìlì kejì ni ti búkà, níbi tí ọmọ kan náà yóò ti tú táì rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí yóò ká ọwọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè, tí yóò sì wẹ ọwọ́ nínú abọ́ ike, tí ìyá olóúnjẹ yóò sì wí fún un pé, “Lọ́yà mi, ẹ kú ìjókòó, mélòó ni kí n bù?” Ọmọ náà kò tíì di lọ́yà; ó ku ìdánwò, ó ku oúnjẹ alẹ́ méjì. Ìyá ti fi í jẹ tipẹ́.

Ní kùtùkùtù, onítíì, tí wọ́n ń pè ní mai shayi, ni ó ni ìlú: a máa da tíì láti inú kọ́ọ̀bù kan sí òmíràn ní gíga apá títí yóò fi hó, a din ẹyin, a sì ya búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, ẹlẹ́wà dé, oníkúnú dé, obìnrin Fúlàní sì gbé igbá fùrá àti wàrà rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ti búkà. Ìyá ṣí ìkòkò, òórùn irú sì jáde láti inú ọbẹ̀ ata bí ẹni tí ó ń ké sí àwọn tí ó gbàgbé ilé. Ewédú wà níbẹ̀ tí ó ń fà, gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọbẹ̀ ata sì dà lé wọn lórí di àbùlà. Ṣàkì wà, ẹ̀dọ̀ wà, fùkù wà, pọ̀nmọ́ wà, bòkótó sì dùbúlẹ̀ nínú agbada tirẹ̀ bí ìjòyè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà ni túwó ìrẹsì wà pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà àwọn ará Hausa, nítorí pé olóúnjẹ Bwari tí ó bá ní ahọ́n kan ṣoṣo kò ní í pẹ́ kó ìkòkò rẹ̀ nílẹ̀. Iyán kò jẹ́ ìṣòro, torí ilẹ̀ Gbagyi ilẹ̀ iṣu ni. Èlùbọ́ ni ó ń rin ìrìn-àjò, mudu ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́ lọ́jà níhìn-ín, kì í ṣe kọ́ńgò. Àwọn àgbà ti sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Èmi kò ní í bá wọn jiyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ àmàlà gbígbóná lẹ́yìn òjò ní ìlú olókè yìí lè ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ.

Igi tí a fi ń dá gbogbo iná wọ̀nyí, obìnrin Gbagyi ni ó ti ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ̀ láti oko, orí èjìká ni ó sì ń gbé e sí, kì í ṣe orí. Ní tiwọn, orí tóbi ju ohun tí a ń fi ẹrù ni lára lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí pa Yorùbá lẹ́rìn-ín díẹ̀: àwa tí a ń bọ orí, àwa náà ni a ń fi í ru odó.

Òwe wa ni pé ẹnìkan kì í gbé etí odò kí ó máa fi itọ́ bọ́ ojú. Bwari ti sọ òwe yìí di àlọ́. Adágún Usuma lè gba omi tí ó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Nígbà tí èyí kò sì tó fún olú-ìlú, wọ́n tún fa páìpù nǹkan bíi kìlómítà 75 láti odò Gurara ní ìpínlẹ̀ Kaduna wá bù sí i. Síbẹ̀, àìmọye ọdún ni àwọn ará Ushafa àti Bwari fi kígbe pé omi náà ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn kọjá lọ sí ìgboro Àbújá. Olóúnjẹ ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Omi ni yóò fi se ẹran, omi ni yóò fi ro àmàlà, omi ni yóò fi fọ abọ́ ogójì ènìyàn, omi ni yóò tún gbé síwájú oníbàárà kí ó fi wẹ ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ sì ni yóò rà lọ́wọ́ méruwà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ti ọmọlanke tí ó kún fún kẹ́ẹ̀gì gba ojú ọ̀nà. Nígbà tí a bá ń ṣàròyé pé ẹran inú ọbẹ̀ ń kéré sí i, kò sí ẹni tí í rántí omi. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, omi sì wà nínú owó náà.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni a ń rà lọ́wọ́ olóúnjẹ. Àwìn wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ ọ́ sára pátákó pé àwìn kò sí lónìí, ẹ wá lọ́la. Ọmọ tí owó ilé kò tíì dé fún yóò jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí ni ìyá sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ó mọ ilé tí yàrá wà, ó mọ ọlọ́kadà tí kì í sáré àsápajúdé, ó mọ ọjọ́ tí ọ̀gá ń wà ní ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2017, nígbà tí rògbòdìyàn láàárín àwọn ọ̀dọ́ Gbagyi àti Hausa mú kí iná jó lára ọjà Bwari, àwọn tí ń tajà ni ó kọ́kọ́ pàdánù. Síbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì búkà, ẹ̀yà méjèèjì àti àwa àtọ̀húnrìnwá a máa fi èjìká kan ara wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ búkà kò kan ìjọba, kí ó ṣí ìwé-òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí Àfikún Kẹrin. Yóò rí i níbẹ̀ pé àbójútó ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti gbogbo ibi tí a ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Wolé-wolé tí àwọn ìyá wa ń sá fún láyé òyìnbó, tí àwọn Hausa ń pè ní duba-gari, ni bàbá iṣẹ́ náà. Èmi kò kọ̀ kí wọ́n wo ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí abọ́ mọ́, kí ó kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ omi dé ẹ̀yìn búkà.

Àwọn èrò JAMB kò pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti gba ìdánwò náà pátápátá ní 2015, tí a sì lè ṣàtúnṣe púpọ̀ nínú àṣìṣe láìdé olú ilé-iṣẹ́, bàbá tí ń gun ọkọ̀ òru láti Ìbàdàn nítorí lẹ́tà kan ti dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwo àmàlà tirẹ̀. Àwọn ọmọ òfin ṣì kù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá a ṣẹ́ iná kù lábẹ́ ìkòkò, a fi omi kẹ́ẹ̀gì tí ó kẹ́yìn fọ agbada, a sì dé àwo kan mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, pẹ̀lú ẹran méjì àti pọ̀nmọ́ kan, fún lọ́yà kan tí kò tíì dé láti ibi ìwé kíkà.