'Ìmúbọ̀sípò' àti 'Ìdápadàsẹ́nuṣẹ́': Ọ̀rọ̀ Méjì fún Alùpùpù Àtijọ́

'Àtúnṣe' nìkan kò tó láti túmọ̀ iṣẹ́ méjì tí àwọn tí ń ra alùpùpù àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ gedegbe. Àṣìpè níbẹ̀ lè náni lówó gọbọi.

Àpẹẹrẹ kan ni Triumph Bonneville T120, tí ó jáde ní 1959. Bí ọ̀kan bá pé pérépéré ṣùgbọ́n tí ó ti wà ní ìkàlẹ̀ fún ọdún 20, 'ìdápadàsẹ́nuṣẹ́' ni ó tọ́ sí i: kí wọ́n fọ kabúrétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ táyà, kí wọ́n yọ ìpáàrà inú táǹkì epo. Ọ́ìlì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Táǹkì ọ̀tọ̀ ni ó ń gbé. Bí ẹ̀rọ bá dúró pẹ́, ó lè rọra jò gba inú pọ́ǹpù lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Olùrà tí ó bá rí táǹkì tó ti gbẹ, tí ó sì bu òmíràn kún un láìfa ti ìsàlẹ̀ jáde, ti sọ ọ́ di àpọ̀jù.

'Ìmúbọ̀sípò' ni títú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kíkùn ún, àti fífi kúrómù tuntun bò ó. Ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Nọ́ńbà kan náà ni ilé iṣẹ́ fín sára férémù àti ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì ti ara alùpùpù mìíràn wá, iye rẹ̀ yóò sì dínkù.

Bí atúmọ̀ bá fi 'ìmúbọ̀sípò' pe iṣẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́káníìkì lè ha ọ̀dà àtilẹ̀wá dànù, èyí tí kò ṣeé dá padà. 'Àtúnṣe' ṣì wúlò fún okùn bíréèkì tí ó já.