Ẹ Má Ṣe Wó Ilé Tí Ọmọ Yín Kọ́

Bíbélì Kíkà: Sekaráyà 8:5, Mátíù 7:24-27, Máàkù 6:3

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni à ń ṣe kọ́ ọmọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ọmọ ọdún mẹ́ta kò bá tíì jókòó ti ìwé kí ó máa ka A B D, kò tíì kọ́ nǹkan kan. Bí a bá bá a níbi tó ti ń fi yẹpẹ̀ kọ́lé, a ó jágbe mọ́ ọn pé kí ó dìde nínú ìdọ̀tí, a ó sì fi ẹsẹ̀ wó ilé náà.

Ní Ìpókíà, àti káàkiri ilẹ̀ Yewa títí dé ẹnu ibodè Ìdìròkò, irú eré yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí òjò bá dá, ọmọ a ki ẹsẹ̀ bọ inú yẹpẹ̀ tútù, a fi ọwọ́ gbá a le, a sì rọra yọ ẹsẹ̀ jáde kí ilé má baà wó. Òmíràn a to agolo mílíìkì léra. Òmíràn a fi igi ìmọ̀ ọ̀pẹ ṣe mọ́tò, a fi ìdérí ìgò ṣe táyà.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni gbogbo èyí. Ìka tó ń po amọ̀ lónìí ni yóò di pẹ́ńsùlù mú lọ́la. Ọmọ tó gbé agolo ńlá lé kékeré lórí, tó rí i pé ó wó, ti mọ ìdí tí ìpìlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tóbi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án. Bí àwọn méjì bá jọ ń kọ́lé, wọn yóò kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ àti bí a ti ń fi àyè gba ẹnìkejì. Bí ilé bá sì wó, wọn yóò tún un kọ́. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń wọ inú ọmọ. Àwọn bàbá wa tó kọ́ ilé alámọ̀ mọ èyí: wọn a mọ ìpele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel, ọmọ pásítọ̀ ìjọ Luther, rí òtítọ́ yìí. Ní ọdún 1837, ó dá ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Blankenburg. Ní 1840, ó sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Lára ohun ìṣeré tí ó ṣe fún wọn ni igi kan tí a gé sí wẹ́wẹ́ 8 tó dọ́gba, kí ọmọ máa tú u, kí ó sì máa tò ó bí ó ti wù ú.

Ìwé Mímọ́ kò lòdì sí eré. Nígbà tí Sekaráyà ń sọ bí Ọlọ́run yóò ti tún Jerúsálẹ́mù ṣe, ó rí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣeré ní ìgboro. Nítorí náà, ẹ má ṣe lé ọmọbìnrin kúrò nídìí ilé kíkọ́. Káfíńtà ni àwọn ará ìlú Olúwa wa mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ó ń kọ́ni, ó sọ ìtàn ọkùnrin méjì tó kọ́lé, ọ̀kan sórí àpáta, èkejì sórí iyanrìn. Ọmọ tí òjò ti wó ilé yẹpẹ̀ rẹ̀ rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìtàn yẹn.

Ẹ tọrọ èérún pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ẹ yọ ìṣó inú rẹ̀, ẹ fi yanpẹ́pẹ́ họ ọ́ kí ó dán. Ẹ kó agolo tó dípẹtà tàbí tí ẹnu rẹ̀ mú kúrò. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ìdérí ìgò tàbí òkúta wẹ́wẹ́, kí ó má baà gbé e mì. Bí eré bá parí, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í. Ẹ má bá a kọ́ ọ, ẹ kàn bi í pé, “Ta ni ń gbé inú ilé yìí?” Ẹ ó gbọ́ ohun tí ń bẹ lọ́kàn rẹ̀.

Àdúrà: Baba, Ìwọ tí o kọ́ ayé, fún wa ní sùúrù láti kọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n má baà gbé ilé wa tà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.