Tàdáwà àti Wàláà
Igi, pòròpórò, èédú àti oje igi. Ilẹ̀ Yorùbá.

Tàdáwà ni omi dúdú tí àwọn àáfà fi ń kọ̀wé Lárúbáwá ní Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìwó àti ní àwọn ilé-kéú mìíràn. Dúdú ìdí ìkòkò tàbí èédú tí a lọ̀ kúnná ni wọ́n ń pò mọ́ omi àti oje gbígbẹ igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù lókè Ọya. Oje yìí ló ń mú kí dúdú náà lẹ̀ mọ́ wàláà, pátákó igi tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Láìsí i, bó bá ti gbẹ ni yóò máa gbọ̀n dànù bí eérú.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ará Ṣáínà lò, àmọ́ èéfín igi páìnì tàbí ti fìtílà elépo ni tiwọn, àtè tí a sè láti ara awọ ẹran ni wọ́n sì fi ń pò ó. Wọ́n á gún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú igi tí a gbẹ́ ọnà sí, wọ́n á wá jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ di ọ̀pá líle tí akọ̀wé ń fi omi lọ̀ lórí òkúta.

Oje igi inú tàdáwà tètè ń yọ́ nínú omi. Ìdí nìyí tí ọmọ kéú fi lè fọ wàláà rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá ti há ẹsẹ̀ kan sórí, kó sì kọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í da omi ìfọ̀ náà, hàǹtú, nù: wọ́n ń mu ún fún ìwòsàn àti ààbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àáfà kan kò fọwọ́ sí i. Lórí bébà, oòrùn kì í mú tàdáwà ṣá, ṣùgbọ́n bí òjò bá kàn án, àkọsílẹ̀ náà bàjẹ́ nìyẹn.