Ọrùn Tí Ó Fara Pa Kì Í Ṣe Ohun Fífà

Ní Okpomèta, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìletò lórí ilẹ̀ Kétu, alùpùpù ni ó ń gbé ènìyàn lọ sí ọjà àti sí oko. Bí alùpùpù bá gbé ènìyàn ṣubú, tàbí tí ẹnì kan já bọ́ láti orí igi, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ru igi ìdáná yọ̀ tí ẹrù náà sì tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀, àwọn tí ó sáré dé ibẹ̀ a gbé e dìde, wọn a bu omi fún un, wọn a sì fi í sí àárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù mìíràn. Àánú ni ó ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọrùn ni ó ṣèṣe, àánú náà lè sọ ẹni ẹlẹ́ni di arọ.

Eegun 7 ni ó wà nínú ọrùn ènìyàn. Wọ́n to lé ara wọn, wọ́n sì ní ihò láàárín, níbi tí okùn rírọ̀ kan gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ. Okùn yìí ni ó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mímí pàápàá wà lára iṣẹ́ rẹ̀: bí ó bá já ní òkè ọrùn, èémí lè dúró. Eegun lè fọ́ kí okùn má tíì bà jẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ lè máa rìn, títí ẹnì kan yóò fi yí ọrùn rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, kí ó má mì. Bí ó bá di dandan láti gbé e, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yí i lẹ́ẹ̀kan náà, orí àti ara pọ̀ bí ìtì igi, sórí pákó gígùn tàbí ilẹ̀kùn. Aṣọ tí a ká ni a ó fi há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ọ̀wọ̀ ńlá tọ́ sí àwọn tí ń to eegun apá àti ẹsẹ̀. Ọrùn kò sí lára iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 2001, àwọn dókítà ní Kánádà tẹ ìlànà kan jáde: ẹni tí ó ti pé ọdún 65, ẹni tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga tó mítà 1 péré, àti ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe yìnrìnyìnrìn, kí wọ́n ya àwòrán eegun ọrùn rẹ̀. Èjìká a máa bo eegun keje. Àwòrán tí kò bá fi í hàn kò tíì tó. Lẹ́yìn èyí, dókítà lè fi ìdè sí ọrùn náà, ó lè fi ìwúwo fà á díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn agbègbè wà ní Pobè. Èyí tí ó tóbi jù, CNHU Hubert Koutoukou Maga, wà ní Kutọnu.

Láyé àtijọ́, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ìtọ̀ ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn tí okùn wọn já. Ní 1944, dókítà Ludwig Guttmann bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án lóru. Iṣẹ́ yìí kò gba ẹ̀rọ kankan. Ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò lè ṣe é nílé, kí wọ́n sì máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá àwọ̀ ibẹ̀ ti yí padà.