Ìbò Tí A Kò Dì
Nígbà tí Amẹ́ríkà yan Barack Obama ní November 2008, ìjọba Kẹ́ńyà kéde ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ wọn ni bàbá rẹ̀. Ayọ̀ yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 January 2020, Donald Trump fi àṣẹ dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Nàìjíríà tí ń fẹ́ fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún kò lè mú ìyá rẹ̀ kúrò ní Adó-Èkìtì lọ bá a gbé. Ọkọ kò sì lè mú aya. Ọjọ́ tí Joseph Biden gorí oyè, 20 January 2021, ni ó pa àṣẹ náà rẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe bèèrè ẹni tí ó wọlé nìkan. Ẹ bèèrè ohun tí yóò fọwọ́ sí.