Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbínú, làákàyè àti ìgboyà ní Aluu

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Èrò náà ní olè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn kan dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò.

Inú tó ń bí wa sí olè kò burú. Ọkàn ló ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Làákàyè ló yẹ kó béèrè pé: ta ló rí wọn? Kí ni wọ́n jí? Mo gbà pé àánú ṣe ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìgboyà láti ké pé "Ẹ dúró ná!" ló ṣọ̀wọ́n.

Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ìpànìyàn náà. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí èrò bá ká ẹnìkan mọ́, ẹ má fi fóònù yín ya fídíò. Ẹ fi pe nọ́mbà pàjáwìrì 112.