Ẹ̀kọ́ Aṣáájú fún Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá: Kí Ló Kan Ará Ìlú?

Àwọn ará ìlú a máa béèrè ìdí tí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi tún ń padà sí kíláàsì. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni mímú ọ̀daràn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni dídarí àwọn tí ń mú un.

Ní ìlú Jos, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá ń kọ́ wọn ní ìlànà ìdarí. Ní Kúrú tí kò jìnnà síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ NIPSS, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, ń kó àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba jọ láti ṣèwádìí lórí ìṣòro orílẹ̀-èdè.

Àǹfààní rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kà á léèwọ̀ láti mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn, tàbí láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn okòwò tó forí ṣánpọ́n. Ọ̀gá tó bá gbọ́ òfin yìí yé kò ní gbà kí wọ́n ti ìyá mọ́lé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi sùúrù béèrè fún ọ̀gá àgọ́ náà, kí ẹ sì rán an létí òfin.